Àrọ̀ kì í tètè kú: ta ló ń jìyà omi póńdù wa?

Ìbéèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja. Ìbàdàn ni mo ń gbé, lápá Àpáta. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, aládùúgbò wa kan gbé póńdù oní-tàpólì mẹ́rin kalẹ̀ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń sin àrọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fún wa lẹ́ja nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ilẹ̀ tó mọ́, á ṣí páìpù, omi á gba gọ́tà wá síwájú ilé wa. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewédú àná tó ti kan, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Omi kànga wa náà ti ń yí padà lẹ́nu. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní oore lòun ń ṣe, pé ẹja tí àwọn ń sìn ni kò jẹ́ kí ẹja inú òkun tán. Ṣé òótọ́ ni? Àbí wọ́n kàn gbé ẹ̀gbin kúrò lójú òkun wá sẹ́nu ọ̀nà mi?

* * *

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti 2013 ni mo ti ń sin àrọ̀ ní Ìkòròdú, nítorí náà ẹnu ọ̀daràn ni mo fi ń dáhùn. Èmi náà ti ṣí páìpù ní ìdájí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ojú ló ń tì wá tá a fi ń ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí oòrùn má bàa pa ẹja ni, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ti òkun ṣì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti gọ́tà.

Tí ẹ bá la orí àrọ̀ nílé ìdáná, ẹ ó rí nǹkan pupa kan lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó pẹ̀ka bí igi kékeré. Òun ni ẹja yẹn fi ń mí atẹ́gùn tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọrí sókè, á gbé atẹ́gùn mì, á tún rì. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja fi lè kó o sínú bèsìnnì látàárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú omi tí kò bò ó lẹ́yìn, kó má sì kú. Èpìyà ò lè dán an wò. Tí omi èpìyà bá bàjẹ́ mọ́jú, kó tó di aago mẹ́fà, ẹja ti dojú ikùn sókè, olówó rẹ̀ á káwọ́ lérí, á sì wá nǹkan ṣe sí omi náà. Omi àrọ̀ lè dúdú kó máa ho, ẹja ṣì ń jẹun. Òótọ́ ni pé tó bá pọ̀ jù, òun náà á kọ oúnjẹ, egbò á yọ sí i lára. Ìgbà yẹn gan-an là ń sáré lọ ṣí páìpù. Ibẹ̀ ni gbogbo àléébù iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀: ẹja wa kì í tètè fìyà jẹ wá tá a bá ya ọ̀bùn. Ẹlòmíì ló ń jẹ ìyà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹja 1,000, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 1 kó tó kúrò nínú omi, tọ́ọ̀nù 1 nìyẹn. Bí oúnjẹ bá dára, tí ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ kò sì ya àpà, á jẹ tó kílò 1,200. Àpò 80 nìyẹn nínú oní-kílò-15 tá a ń rà. Púrótéènì 42 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò, náítírójìn wà nínú rẹ̀. Nínú àpò 80 yẹn á tó kílò 80. Ẹja á gbé bíi 27 sára. Èyí tó ṣẹ́ kù lé ní 50, inú omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wà. Ẹ wá wo àpò yúríà oní-kílò-50 tí àwọn àgbẹ̀ ń rà: kílò náítírójìn 23 ni wọ́n dì sínú rẹ̀. Lórí ẹja 1,000 péré, bí ẹni da àpò yúríà méjì ó lé sí gọ́tà ni. Ẹ bi aládùúgbò yín pé ẹja mélòó ló wà nínú tàpólì mẹ́rin yẹn.

* * *

Ẹ ti ń bú mi lábẹ́ ìdáhùn yìí. Kò burú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ajílẹ̀ ni omi póńdù, pé kí ẹni tí inú ń bí lọ gbin ẹ̀fọ́. Ajílẹ̀ ni lóòótọ́, èmi náà fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àǹtí yìí ló ń jẹ èrè ẹja ni, tí òun á fi máa wá oko tí á da omi náà sí? Ẹni tó ni ẹja ló ni omi rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí ìjọba kó gbogbo wa kúrò ládùúgbò, ká lọ sójú kan bíi ti Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí póńdù ti tò lọ bẹẹrẹ. Ó dáa fún imú aládùúgbò. Ó dáa fún ríra oúnjẹ lápapọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí póńdù bá ti pọ̀ létí odò kan náà, omi tí ẹni òkè dà nù ni ẹni ìsàlẹ̀ máa fà wọlé, àti àìsàn inú rẹ̀. Tí kò bá sí ibi tí omi á ti sinmi kó tó padà sódò, a kàn sún gọ́tà síwájú ni.

Ẹni tó ní "ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí", mi ò dá a lóhùn. Kànga kì í ṣe ti òyìnbó.

* * *

Kànga yẹn ló tilẹ̀ ń kọ mí lóminú. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí àǹtí máa se omi rẹ̀ kó tó mu ún, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Sísè á pa kòkòrò, kò níí yọ náítíréètì, nǹkan tí náítírójìn yẹn ń dà tó bá ti wọlẹ̀. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, ńṣe ni èyí tó kù ń ki sí i. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí i ni mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan. Àgbàlagbà lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi omi náà po mílíìkì fún, ni ẹ̀rù ń bà mí fún: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò níí lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, ètè rẹ̀ á máa dà bí aró. Tí ìkókó bá wà nílé, ẹ má fi omi yẹn po nǹkan kan fún un títí ẹ ó fi gbé omi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò.

Mi ò sì ní kẹ́ ẹ di gbogbo ẹrù lé póńdù o. Ṣáláńgá tàbí sókáwéè tó sún mọ́ kànga lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ wọn ẹsẹ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín wọn kẹ́ ẹ tó lọ bá a jà.

* * *

Ó yá, òkun.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu aládùúgbò yín. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, sọ pé ní 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹja àti edé àti irú wọn tí èèyàn sìn ju èyí tí wọ́n pa lódò àti lókun lọ: mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 94.4, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Áfíríkà, Íjíbítì ló síwájú, àwa la tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé náà. Èyí tí wọ́n ń pa lókun àti lódò kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dínkù. Ibi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 90 tó ń rá bàbà sí láti ìparí àwọn ọdún 1980 ló ṣì wà. Ẹja tá a sìn bọ́ ẹnu tó pọ̀ sí i. Kò dá ọkọ̀ apẹja kan padà sí èbúté.

Kí sì ni àrọ̀ wa ń jẹ? Nínú àpò oúnjẹ yẹn, sóyà wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, fíṣímíìlì, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹja, náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ mọ fíṣímíìlì tí wọ́n ń pè ní "72" lọ́jà. Ẹja ni. Kílò 4 sí 5 ẹja tútù ni wọ́n ń lọ̀ kó tó di kílò 1 ìyẹ̀fun yẹn. Lápá tiwa níbí, ṣawá ni wọ́n ń kó lọ́wọ́ àwọn apẹja Sẹ̀nẹ̀gà, Gáńbíà àti Mọriténíà, ṣawá tí àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí òkun níbẹ̀ máa ń rà lówó pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀. Ní 2017, ní Gunjur ní Gáńbíà, ọ̀sà kan tó wà nítòsí ilé iṣẹ́ fíṣímíìlì pọ́n kuku, ẹja kú lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwa kò fọwọ́ kan òkun, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Inú àpò la gbé e pamọ́ sí.

Ẹ rántí 2023 tí owó oúnjẹ ẹja fò sókè tá a ń bú àwọn oníṣòwò? Ní June ọdún yẹn, Peru, tó ń ṣe fíṣímíìlì ju gbogbo ayé lọ, fagi lé sáà ìpẹja rẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé òkun wọn gbóná, ẹja kéékèèké ló kún àwọ̀n. Oṣù kan náà ni wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀. Ẹni tó ní póńdù ní Ìkòròdú jẹ nínú méjèèjì. Mo ta ẹja tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́dún yẹn.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní òun ò ra fíṣímíìlì, pé òkú adìyẹ láti oko ọlọ́sìn adìyẹ lòun ń sè fún ẹja tòun: èmi náà ṣe é ní 2016, n kò níí purọ́. Ẹja sanra wàràwàrà. Ọ̀rá adìyẹ léfòó lójú omi bí epo ọbẹ̀, eṣinṣin bò wá, omi tí mò ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ di ojoojúmọ́. Nígbà tó yá, ìyá tó ń rajà lọ́wọ́ mi fún ilé oúnjẹ rẹ̀ la ẹja kan níṣojú mi. Ọ̀rá yéélò ló kún ikùn rẹ̀ fọ́fọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹja lo tà fún mi, àbí àdí?" Kò tún padà wá. N kò tíì mẹ́nu ba oògùn tí wọ́n fún adìyẹ yẹn kó tó kú o, tí a kò mọ iye tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, tí àwa náà sì ń jẹ ẹ́ nínú àrọ̀.

Ìdin sàn. Kì í ṣe ti eṣinṣin ilé, ti èyí tó gùn, tó dúdú, tí kì í bà sórí oúnjẹ èèyàn. Èèpo èso àti ìdọ̀tí ọjà ni mò ń fi sìn ín nínú ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Mo ń sá a sórí páànù, mò ń lọ̀ ọ́. N kò tíì fi í kọjá ìdámẹ́rin oúnjẹ ẹja mi, nítorí iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ sì kórìíra rẹ̀ bí ikú.

* * *

Àbúrò tó fẹ́ lọ gbẹ́ póńdù edé sí etíkun Ìlàjẹ, tó ní náírà ni àrọ̀, dọ́là ni edé: fìdí mọ́lẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

Edé kì í ṣe àrọ̀. Tó o bá ya ọ̀bùn, òun máa ń fìyà jẹ olówó rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ lójú kan. Taiwan ló ń léwájú nínú edé sísìn ní àwọn ọdún 1980. Kó tó parí 1988, àìsàn ti gbá iṣẹ́ náà lulẹ̀. Ní Ecuador, àrùn àmì funfun dé ní 1999, ọ̀pọ̀ póńdù dòfìfo. O lè sọ pé ṣebí ìyẹn dára, ìyà á kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ńṣe ni wọ́n pa póńdù tó ti bàjẹ́ tì, wọ́n lọ gé igbó mìíràn.

Igbó wo? Igi ẹ̀gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń nàró nínú omi iyọ̀, níbi tí edé inú òkun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ. Ilẹ̀ abẹ́ wọn ní irin àti imí-ọjọ́ nínú. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, kò sí wàhálà. Tó o bá hú u síta tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, àsíìdì ló ń dà. Láàárín ọdún díẹ̀ omi póńdù rẹ á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, wàá sì máa ra ẹfun olówó iyebíye láti fi tù ú lójú. Ní December 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà pàṣẹ kí wọ́n wó àwọn póńdù edé tó wà láàárín ààlà etíkun tí òfin dáàbò bò, kí àwọn tó ni wọ́n sì sanwó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ohun tí àwọn ará abúlé gbé lọ sílé ẹjọ́ ni pé omi iyọ̀ ti wọ oko ìrẹsì àwọn, ó ti wọ kànga àwọn. Àǹtí Àpáta, ẹ gbọ́ bí? Ọ̀rọ̀ kànga náà ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sin edé nínú póńdù tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ nísàlẹ̀, jìnnà sétí omi, tí wọn kì í pààrọ̀ omi púpọ̀. Ó dára. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yẹn kò gbọdọ̀ dákẹ́ lóru. Iná ta lo fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé? Òkun sì ń jẹ Ayétòrò lọ níṣojú wa. Igi wo ló kù tó o fẹ́ gé níwájú rẹ̀?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní àwọn baba wọn ti ń sin ẹja láì fún un lóúnjẹ rárá: akaja. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀ka igi ni wọ́n ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà lọ́pọ̀lọpọ̀. Èéhù omi á bo igi náà, ẹja á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á kó ẹja. Mo rí i lórí ọ̀sà Nokoué nígbà tí mo lọ sí Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Kò sí àpò oúnjẹ kan níbẹ̀! Ṣùgbọ́n igi náà ń jẹrà, wọ́n ń gé òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹrà ń sọ odò di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò sì ní akaja kò ríbi ju àwọ̀n sí mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀.

* * *

Bọ̀dá tó wà ní Scotland, tó ní tiyín lọ́hùn-ún mọ́ tónítóní torí pé ìjọba ń ṣọ́ wọn: inú àwọ̀n lójú òkun ni wọ́n ń sin ẹja salmon. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ òkun, kòkòrò inú omi bí iná orí, tó ń jẹ ẹ́ lára, ń ràn mọ́ salmon tí kò gbé inú àwọ̀n. Gọ́tà ni tiwọn náà. Ó kàn fẹ̀ ju ti Àpáta lọ ni.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká ra ẹ̀rọ tó ń fọ omi kó tún padà sí póńdù: mo ra kékeré kan ní 2019. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Kòkòrò tín-tín-tín ló ń gbé inú fílítà rẹ̀, àwọn ló ń sọ amóníà di ohun tí kò pa ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń mí o. Iná lọ lálẹ́ Friday kan, jẹ́nẹ́rétọ̀ kọ̀, mékáníìkì ní òun wà ní òde ìnáwó. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì fílítà ń rùn bí ẹyin tó dìbàjẹ́. Ẹja mi kò kú, àrọ̀ ni. Ó kàn kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Láti ìgbà yẹn, dísù tí mò ń jó lórí omi mímọ́ ju owó ọmọ ẹja lọ. Ṣé ìyẹn náà là ń pè ní títọ́jú àyíká?

Ẹnì kan tún ní kò sí ewu tí àrọ̀ wa bá sá wọ odò nígbà omíyalé, pé ẹja ilẹ̀ wa ni. Èyí tá a ń pè ní Dutch yẹn, láti Holland ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ padà wálé, wọ́n ti ṣà á nítorí kó lè máa yára tóbi. Ó ń bá ti odò gùn. Ní Brazil, àrọ̀ wa yìí ti wọ odò wọn, wọ́n kà á kún àjèjì tó ń jẹ ọmọ onílé; Íńdíà tilẹ̀ fòfin de sísìn rẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù.

* * *

Àǹtí ti padà wá. Wọ́n ní ẹja 3,500 ni ọkùnrin náà ní. Ẹ mú un lọ sínú ìṣirò òkè yẹn: bíi àpò yúríà mẹ́jọ.

Wọ́n ní ó ti rọ̀, ó bi wọ́n pé kí lòun á wá ṣe, ṣé kóun ta ẹja ni? Rárá. Ẹ sọ fún un kó gbẹ́ ihò méjì sí apá tó jìnnà sí kànga, kí èkínní máa ṣàn sínú èkejì. Tó bá ń pààrọ̀ omi, kó fa ti ìsàlẹ̀ sínú ihò àkọ́kọ́, nítorí ìsàlẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà. Kó jẹ́ kó fara balẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá dà lójú ni kó bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo. Ẹ̀fọ́ tútù tí èèyàn ń jẹ láì sè, kó má da á sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá gbẹ, àwọn tó ń gbin òdòdó á gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Kó sì dín oúnjẹ kù: tí ẹja bá ti ń jẹun lọ́ra, kó dáwọ́ dúró, kó má wo kọ́ọ̀pù. Lọ́dọ̀ tèmi, ìyẹn nìkan yọ nǹkan bí àpò oúnjẹ mẹ́fà kúrò lórí ẹja 1,000. Owó àpò mẹ́fà ju owó tí mo fi gbẹ́ ihò lọ.

Ohun tí n kò lè sọ láti ibi yìí ni ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí. Àǹtí, ẹ ya fọ́tò ibi tí páìpù ti bọ́ sí gọ́tà àti ti kànga yín, ẹ jẹ́ kí ògiri ilé rẹ̀ hàn nínú méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn kànga nìkan ni ilẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ ihò yẹn yí padà pátápátá.